Kí Àwọn Ọmọ Wa Lo Ìsinmi Nílé Ara Wọn



Ìsinmi ńlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ bí olúkúlùkù ti ń ṣírò ọjọ́ tí yóò di ẹrù rẹ̀. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ iṣu titun ní Ìkọ̀lé, ẹlòmíràn ń ka iye àwọn ará ilé tí yóò kí ní Ọyẹ́ àti ní Ìdó, àwa ọmọ Ọ̀tùn náà kò sì dákẹ́. Èyí dára, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fà sí ilé kò lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìfẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n kí a tó tú ká, a bẹ̀ yín kí ẹ fi etí sílẹ̀ sí ọ̀ràn kan tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀ràn náà ni èyí: ǹjẹ́ kò tọ́ kí àwọn ọmọ ibi tí ìjà ti pín sí méjì máa lo apá kan nínú ìsinmi wọn nílé ara wọn? Àwa rò pé ó tọ́. A sì rò pé olùkọ́ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe dúró de ìjọba tàbí de àwọn àlejò tí ń ti òkè òkun wá.

Kí a má baà dà bí ẹni tí ń fi ìka tọ́ka sí ilé ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ, ọmọ Fúlàní kan wà ní kíláàsì wa. Láti gáà kan tí ó wà lẹ́yìn oko ni ó ti ń rìn wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì ti tutù fún ìrì kí agogo tó lù. Ó mọ ìṣirò ju púpọ̀ nínú wa lọ, nítorí láti kékeré ni ó ti ń ka màlúù bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò sì gbọdọ̀ ṣì í kà. Olùkọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpeni, ṣùgbọ́n àwa kò pè é ní orúkọ náà. "Màlúù" ni a ń pè é. Bí ó bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, ẹnì kan lẹ́yìn a ké bí màlúù, gbogbo kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà a rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ó tó pa wá lẹ́nu mọ́.

Ní ọjọ́ kan ẹran wọ oko àgbàdo ìyá ọ̀kan nínú wa, ó sì jẹ ẹ́ tán. A kò béèrè bóyá ẹran bàbá rẹ̀ ni tàbí ti ẹlòmíràn. A dè é lọ́nà nígbà tí ó ń lọ sílé, a já àpò ìwé rẹ̀ gbà, a sì da ìwé rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àyè rẹ̀ ti ṣófo lórí àga. Kò sí ẹni tí ó lọ sí gáà láti béèrè rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a fi jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá kan náà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, òun náà kò sì jẹun rí nílé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá nísinsìnyí. A kò mọ ibi tí ó wà, a kò sì mọ ohun tí yóò máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa ilé-ìwé àti nípa ará Èkìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ìhà àríwá Èkìtì wá mọ̀ pé ọ̀ràn yìí ti kúrò ní eré ọmọdé. Ní oṣù Karùn-ún 2016 a pa ènìyàn ní Òkè-Akọ ní ilẹ̀ Ìkọ̀lé, a sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan àwọn darandaran. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣe fi ọwọ́ sí òfin tí ó fi ààlà sí ibi àti àkókò tí a lè da ẹran ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìhà tiwa yìí, Onímọ̀jọ ti Ìmọ̀jọ àti Elésùn ti Èsùn. Ní ọjọ́ náà gan-an a jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹ̀múré pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn, ó sì di ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ọmọ náà tó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Ta ni nínú wa tí ẹ̀rù kò bà? Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò kìlọ̀ fún pé kí ó má ṣe rin ọ̀nà kan ní ìrọ̀lẹ́?

Ẹjọ́ àwọn apànìyàn wà lọ́wọ́ ìjọba àti ilé-ẹjọ́. A kò ní dá a níhìn-ín, a kò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó kan àwa olùkọ́ ni ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rù ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ ń kọ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ọ̀pá tẹ̀lé ẹran, apànìyàn ni. Ọmọ darandaran ń kọ́ pé gbogbo ará ìlú ni ó kórìíra òun. A ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ méjèèjì láìsí pátákó àti láìsí ẹfun, wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbàgbé ẹ̀kọ́ tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà kò pín àwọn òbí wọn. Lọ́jọ́ ọjà obìnrin gáà a gbé igbá wàrà rẹ̀ wá, ìyá wa a ra wàrà, òun náà a ra gààrí àti iyọ̀. Wọn a ná ọjà, wọn a dágbére, ó tún di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ẹni tí a ń bá ná ọjà ni, kì í ṣe ẹni tí a mọ ilé rẹ̀.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé nítorí pé èdè àti ẹ̀sìn kò bára mu ni ìjà ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ inú ilé tiwa wò. Ogun Kírìjì tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, láàrin Yorùbá àti Yorùbá ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 1886, lẹ́yìn tí Samuel Johnson àti Charles Phillips, ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjì tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ti rìn lọ rìn bọ̀ láàrin ibùdó ogun méjèèjì, a ṣe àdéhùn àlàáfíà, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn sì wà lára àwọn ọba Èkìtì tí ó fi ọwọ́ sí i. Nínú àdéhùn náà ni a ti wí pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́, tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ifẹ̀, kó lọ sí ilẹ̀ tí ó wà láàrin odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Àwọn àgbà rò pé bí a bá ya àwọn tí ń jà sọ́tọ̀, ìjà yóò tán. Ní 1909 a tú Modákẹ́kẹ́ ká ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 àwọn ènìyàn náà tún ń padà sí ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ní ilé. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn àti Ifẹ̀ ní 1981, ní 1983, ní 1997 títí wọ 1998, àti ní 2000. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, òwe kan náà ni wọ́n ń pa, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn sílé. Síbẹ̀ ilé jó, òbí sì sin ọmọ. Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀: pé èdè kan náà kò tó láti dá ìjà dúró, àti pé yíyà sọ́tọ̀ kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Àwa ọmọ Ọ̀tùn tún mọ ẹ̀kọ́ kẹta. Nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀ yìí, Ìlọrin ní ìhà Àríwá ni wọ́n fi Ọ̀tùn sí abẹ́ rẹ̀, ó sì di 1936 kí a tó dá a padà sọ́dọ̀ Èkìtì. Títí di òní, Ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn ará Ọ̀sì àti Ọ̀bbo wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu Èkìtì ni wọ́n ń fọ̀. Kí ni kò jẹ́ kí ìlà náà sọ wá di ọ̀tá? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn bàbá wa kò dẹ́kun láti máa rán ọmọ sí ilé ara wọn. Wọ́n ń lọ fún ìgbéyàwó, wọ́n ń lọ fún ìsìnkú àti ọdún, ọmọ a sì lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ níbẹ̀ fún odidi ìsinmi kan. Ọmọ tí ó ti sùn nílé kan, tí ó ti jẹ ìyà àti iyán nínú ilé náà, kò ní gbà bí a bá wí fún un lọ́la pé ẹranko ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Nítorí náà ohun tí a ń dámọ̀ràn kì í ṣe ohun titun. Àṣà wa ni. Ohun titun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju pé kí a nà án dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá wa tan.

Àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ti gbìyànjú irú rẹ̀, ó sì yẹ kí a wo ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa àti ibi tí ó kù sí. Ní Ireland ti Àríwá, ìjà láàrin àwọn Kátólíìkì àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì gbà tó ọgbọ̀n ọdún, láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí di àdéhùn 1998, ó sì pa ju 3,500 ènìyàn lọ. Kí àwa tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kíyè sí i pé Onígbàgbọ́ ni apá méjèèjì. Ilé-ìwé ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wọn ń lọ, àdúgbò ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni oṣù Keje, nígbà ìsinmi gan-an, ni ìjà máa ń gbóná jù. Ní 1975 ọlọ́pàá kan ní New York tí a bí ní Ireland, Denis Mulcahy, pẹ̀lú àwọn ará àti aládùúgbò rẹ̀, mú ọmọ mẹ́fà láti ìlú Belfast, láti apá méjèèjì, wá lo ìsinmi ní Greenwood Lake. Ọmọ mẹ́fà péré! Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ náà tó parí ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ tí wọ́n ti gbà sílé ti ju 20,000 lọ.

Ní 1993 akọ̀ròyìn kan, John Wallach, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Seeds of Peace, èyí ni Irúgbìn Àlàáfíà. Ọ̀dọ́ 46 ni ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ọmọ Israẹli, ọmọ Palẹstínì àti ọmọ Íjíbítì. Wọ́n ń sùn nínú yàrá kan náà, wọ́n ń jẹun lórí tábìlì kan náà, wọ́n sì ń jókòó pẹ̀lú olùtọ́nà láti sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n lọ́kàn fún ara wọn. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ibùdó náà, Asel Asleh, ọmọ Palẹstínì tí ó jẹ́ ọmọ ìlú Israẹli, kú ní oṣù Kẹwàá 2000. Ọmọ ọdún 17 ni. Àwọn ọlọ́pàá ni ó yìnbọn pa á nítòsí ilé rẹ̀ nígbà tí ìlú dàrú, ẹ̀wù ibùdó àlàáfíà náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A kò sọ èyí láti fi ṣe ẹlẹ́yà. A sọ ọ́ nítorí pé ó fi hàn wá pé ibùdó tí ó jìnnà lè yí ọkàn ọmọ padà, ṣùgbọ́n kò lè yí ìlú tí ọmọ náà yóò padà sí. Bí a bá gbin irúgbìn sí oko ẹlòmíràn tí ó hù dáadáa, tí a wá fà á tu wá sí ilẹ̀ tiwa tí a kò ro, kí ni a rò pé yóò ṣe?

Nínú ohun tí a kà fún ẹ̀kọ́ wa nípa ọkàn ọmọdé, a tún rí ìtàn kan tí ó wúlò. Ní 1954 onímọ̀ kan, Muzafer Sherif, kó ọmọkùnrin 22 lọ sí ibùdó ìsinmi ní Robbers Cave ní Oklahoma. Ọmọ irú ilé kan náà ni gbogbo wọn, àwọ̀ kan, ẹ̀sìn kan, wọn kò sì mọ ara wọn rí. Ó pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa figagbága nínú eré. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí bú ara wọn, tí wọ́n ń jó àsíá ara wọn, tí wọ́n sì ń já wọ yàrá ara wọn. Lẹ́yìn náà ó gbìyànjú láti parí ìjà náà. Ó kọ́kọ́ mú wọn jẹun pọ̀, ó sì mú wọn wo sinimá pọ̀. Kò mú nǹkan kan wá. Oúnjẹ ni wọ́n ń jù lu ara wọn. Nígbà tí omi ibùdó dá, tí gbogbo wọn ní láti jùmọ̀ wá ibi tí ó ti dí, tí ọkọ̀ tí yóò gbé oúnjẹ wá sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tí wọ́n so okùn mọ́ ọn tí wọ́n sì jùmọ̀ fà á, nígbà náà ni ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ láti wọ̀, ẹgbẹ́ kan sì fi owó ẹ̀bùn tí ó gbà nínú eré ra ohun mímu fún gbogbo wọn. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí èyí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àsè nìkan kò lè parí ìjà. Iṣẹ́ tí apá kan kò lè dá ṣe ni ó ń sọ ọ̀tá di ẹlẹgbẹ́.

Ní Nàìjíríà pàápàá, àwọn aláṣẹ ti mọ ìwúlò kí ọmọ ìhín mọ ọmọ ọ̀hún. Ní 1966 a dá ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Sókótó, ní Enugu àti ní Warri, kí ọmọ gbogbo ẹ̀yà lè gbé pọ̀. Irú rẹ̀ kan wà ní Ìkọ̀lé wa níhìn-ín. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1973, a dá iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó jáde ní yunifásítì. Ní 1989 a dá àjọ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ darandaran sílẹ̀. A yin gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ń bọ́ sọnù láàrin wọn. Ilé-ìwé àpapọ̀ wà fún ọmọ tí ó yege ìdánwò. Àgùnbánirọ̀ ti dàgbà, ìwà rẹ̀ sì ti gbó sí i lára. Ilé-ìwé darandaran sì ń kọ́ ọmọ gáà ní ìwé, ṣùgbọ́n kò lè mú ọmọ ìlú mọ ọmọ gáà. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó wà ní abúlé àti ọmọ darandaran tí ó wà ní gáà, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn láti oko, kò pàdé níbikíbi bí kò ṣe níbi tí ẹran ti jẹ oko.

Kí ni a wá ń dámọ̀ràn? Ohun mẹ́rin ni.

Èkíní, kí ó jẹ́ ìparọ̀ ní tòótọ́. Bí ọmọ gáà nìkan ni ó ń wá sí ìlú, tálákà tí a ń ṣe lóore ni a sọ ọ́ dà, òun náà yóò sì mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ ìlú náà lọ sí gáà. Níbẹ̀ òun ni yóò jẹ́ òpè. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ bí a ti ń fún wàrà, bí a ti ń so ọmọ màlúù mọ́lẹ̀, àti bí a ti ń mọ ẹran kan yàtọ̀ sí èkejì nínú agbo ńlá. Nígbà tí ó bá padà wá sí oko, òun náà yóò kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí a ti ń kọ ebè àti bí a ti ń wa iṣu láìṣá a lọ́bẹ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè yóò mọ ohun tí ẹran ń jẹ nígbà tí ó bá wọ oko. Ẹni tí ó bá sì ti jí lóru nítorí ẹran tí ń bímọ yóò mọ ohun tí darandaran ń sunkún lé lórí nígbà tí a bá ṣá a pa.

Èkejì, kí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n jùmọ̀ ṣe ọgbà yí oko ilé-ìwé ká, kí ẹran má lè wọ ibẹ̀. Kí wọ́n jùmọ̀ ko ìgbẹ́ màlúù láti gáà wá fún ilẹ̀ tí a ó gbin ẹ̀fọ́ sí, kí èso rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé méjèèjì. Kí wọ́n jùmọ̀ gbá etí odò tí ènìyàn ti ń pọn omi mọ́, kí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí ẹran yóò ti máa mu ní ìsàlẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni àwọn bàbá wọn ń jà lé lórí.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn àgbà mọ̀ sí i. Kí ọba ìlú àti Séríkí àwọn Fúlàní jọ gbọ́, kí àwọn òbí gbà tọkàntọkàn, kí àlùfáà àti ààfáà jọ jókòó. Níhìn-ín a ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún ara wa, bí kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. A kò gbọdọ̀ fi ìsinmi àwọn ọmọ ṣe ìkẹ́kùn fún ẹ̀sìn wa. Ọmọ tí a fi lé wa lọ́wọ́ gbọdọ̀ rí omi àlùwàlá àti àyè láti kírun, kí a má sì fún un ní oúnjẹ tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Bákan náà ni ọmọ tiwa yóò gbàdúrà rẹ̀ ní gáà, kò sì sí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Bí òbí kan bá fura pé ète mìíràn wà lọ́kàn wa, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì tọ́ kí ó bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ó má ṣe parí nígbà tí ìsinmi bá parí. Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ gan-an wà. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn tí ó gbé pọ̀ nígbà ìsinmi jókòó lórí àga kan náà bí ilé-ìwé bá wọlé. Kí wọ́n kí ara wọn nígbà Iléyá àti nígbà Kérésìmesì. Bí agbo bá ṣí lọ síbòmíràn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọmọ ìlú kọ lẹ́tà ránṣẹ́, kí olùkọ́ sì wá ọ̀nà tí yóò fi dé ibẹ̀. Bí ọdún bá yípo, kí a tún ṣe é, pẹ̀lú ọmọ wọ̀nyẹn àti àwọn àbúrò wọn. Ọdún kan kò tó láti kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Báwo ni ọ̀sẹ̀ méjì yóò ti tó láti kọ́ ọ ní aládùúgbò rẹ̀?

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò wí pé ewu wà. Òtítọ́ ni, àwa kì í sì í ṣe ẹni tí yóò fi ọmọ ẹlòmíràn dán nǹkan wò. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, nínú ọgbà ilé-ìwé, níwájú àwọn òbí apá méjèèjì. Kí ọmọ kankan má sun ìta ní ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn ìyá bá ti mọ ara wọn tán, àwọn fúnra wọn ni yóò béèrè ìgbà tí àwọn ọmọ yóò sùn lọ́dọ̀ ara wọn. Wọn yóò wí pé kò sí owó. Ọkọ̀ òfúrufú ni ó ń gba owó. Láti ìlú dé gáà, ẹsẹ̀ tó o. Ọmọ mẹ́fà ni àwọn ará New York fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́fà sì wà ní ilé-ìwé yòówù tí a bá rán wa lọ.

Wọn yóò tún wí pé ọmọdé kò lè parí ìjà tí kì í ṣe òun ni ó dá a sílẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀ràn ilẹ̀, ọ̀ràn omi àti ọ̀nà ẹran, àgbà ni yóò jókòó tì í, òfin ni yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọmọdé rọ́pò òfin ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n òfin 2016 lè sọ ibi tí màlúù kò gbọdọ̀ dé. Kò lè sọ orúkọ tí ọmọ kan yóò máa pe ọmọ kejì ní kíláàsì. Àwa ni ó wà ní kíláàsì. Ẹ̀rín tí olùkọ́ bá rín tàbí tí kò rín níbẹ̀, kò sí òfin tí ó lè dé ibẹ̀ kó o wọlé.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa kí ẹ fún wa láyè láti jíròrò ọ̀ràn yìí nínú ẹgbẹ́ àríyànjiyàn wa nígbà tí a bá padà dé, kí ẹni tí ó bá lòdì sí i náà sọ tinú rẹ̀. Fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun kékeré kan ni a ń béèrè. Nígbà tí ẹ bá dé ilé, kí ẹ lọ sí ilé-ìwé tí ẹ ti jáde, kí ẹ bẹ ọ̀gá ibẹ̀ kí ó jẹ́ kí ẹ wo ìwé ìpeni, kí ẹ sì wá orúkọ ọmọ tí ó dédé dá wíwá dúró. Kí ẹ mú àgbàlagbà kan lọ́wọ́, kí ẹ lọ kí àwọn òbí rẹ̀.

Àwa fúnra wa ti pinnu ibi tí a ó kọ́kọ́ lọ. Gáà tí ó wà lẹ́yìn oko náà ni. Bóyá wọ́n ti ṣí kúrò níbẹ̀, bóyá a ó bá ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ béèrè, nítorí ó tì wá lójú láti sọ ọ́, a ti gbàgbé rẹ̀.

Kí Ọlọ́run mú olúkúlùkù dé ilé rẹ̀ ní àlàáfíà, kí ó sì mú wa padà.